Ẹ̀jẹ̀ Orogún Mi Tí Wọ́n Fẹ́ Gbé Lọ sí Ìbàdàn

                                        Ojúlé Kẹtàdínlógún,
                                        Ẹ̀yìn Ọjà Òkè-Àje,
                                        Ìjẹ̀bú-Òde,
                                        Ìpínlẹ̀ Ògùn.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2025.

Bísí, àbúrò mi ọ̀wọ́n, ọmọ ìyá mi,

Báwo ni gbogbo ilé yín ní Ṣakí? Bàbá Haneef ńkọ́, ṣé ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ti rọlẹ̀? Haneef fúnra rẹ̀ ńkọ́, àti ìyàwó rẹ̀, àti ìkókó tí wọ́n bí nínú oṣù Rajab? Ó yẹ kó ti máa rákòrò báyìí. Orúnkún òsì tó ń dùn ọ́ nígbà tí o wá kẹ́yìn ńkọ́? Tèmi ò burú. Orúnkún méjèèjì ń ké, ṣùgbọ́n mo ṣì lè fi okùn bọ ojú abẹ́rẹ́ láìwọ awò, bẹ́ẹ̀ ìwọ tí mo fi ọdún mẹ́sàn-án jù lọ ti ń wọ awò tó nípọn.

Má bínú pé ìwé ni mo kọ, tí mi ò pè ọ́. Fóònù ní etí nínú ilé yìí. Bí mo bá ní "hẹ́lò" nínú yàrá mi, ó ti dé ẹ̀yìnkùlé. Jọ̀wọ́, má sì fi bírò pupa tí o fi ń ṣe tíṣà fàlà sábẹ́ àṣìṣe mi. Ìwé kẹta ni Bàbá wa ti dá mi dúró kí n lè máa pọ̀n ọ́, kí Ìyá wa lè ráyè tajà. Ìwọ tí mo pọ̀n ló wá kàwé dé kọ́lẹ́ẹ̀jì. Mi ò bínú, ṣùgbọ́n mi ò gbàgbé. Nígbà tí o bá kà á tán, jó o níná. Má fi pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ọ̀rọ̀ Kúbúrátù ni, orogún mi, ìyá Abdulrauf. Nínú àwọn ọmọ ìyá wa, ìwọ nìkan ni mo sọ fún pé àrùn HIV ló pa ọkọ wa, Alhaji, lọ́dún 2003. Bóyá inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà sí i lára nígbà tí mọ́tò wọn dojú dé lọ́nà Ṣàgámù lọ́dún 1998 ló ti kó o, bóyá ibòmíràn ni, Ọlọ́run ló mọ̀. Mi ò bi òkú léèrè. O mọ̀ pé èmi náà ní in, pé ogún ọdún rèé tí mo ti ń gbé oògùn mì ní aago mẹ́jọ àárọ̀, àfi nínú Ààwẹ̀ tí mò ń lò ó ní sààrì. Mi ò fo ọjọ́ kan rí, títí kan ọjọ́ tí a sin Ìyá wa. O sì mọ̀ pé Kúbúrátù kò ní in. Ọkọ kan náà, ilé kan náà, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Bísí, mi ò ní í purọ́ fún ọ, ó dùn mí. Kì í ṣe pé mo fẹ́ kó ní in. Mi ò burú tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó dùn mí ni pé láti ọdún 1983 tó ti wọ ilé yìí bá mi, gbogbo nǹkan tí a bá jọ ní, tirẹ̀ ló máa ń dára ju tèmi lọ. Èmi ta ìkòkò irin ní Òkè-Àje fún ọgbọ̀n ọdún, dúdú ìkòkò kò kúrò lábẹ́ èékánná mi. Òun ta lọ́fíńdà. Eyín rẹ̀ ṣì funfun títí di òní, ó sì ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín sí mi. Nígbà tí oúnjẹ bá kàn án, tó bá se ìkọ́kọrẹ́, Alhaji á fi ìka nu ìdí àwo. Bó bá jẹ́ tèmi, á ní, "Ó dáa, Mùínátù, Ọlọ́run á bù kún un," á sì ṣẹ́ díẹ̀ kù. Gbogbo ọdún tí a fi jọ wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ìdí àwo ni mò ń wò.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fi ń gbéra ga: Alhaji kì í ṣe ojúsàájú. Ọjọ́ méjì lọ́dọ̀ mi, ọjọ́ méjì lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹni tó bá se oúnjẹ ni ọkọ wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Bó ti wù kó rẹ̀ ẹ́ tó, bí ọjọ́ Kúbúrátù bá pé, á mú tẹ̀sùbáà rẹ̀, á kọjá níwájú yàrá mi, á wọ tirẹ̀, á ti ilẹ̀kùn. Mo máa ń gbọ́ bí kọ́kọ́rọ́ ṣe ń yí. O ò tíì fẹ́ ọkọ tí o ń pín, Bísí. O ò mọ bí ìró kọ́kọ́rọ́ kékeré ṣe lè tóbi tó.

Nínú oṣù Kẹfà, dókítà tuntun kan dé sí ibi tí mo ti ń gba oògùn. Dókítà Ayọ̀fẹ́ ni wọ́n ń pè é, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń kúnlẹ̀ kí èèyàn kó tó gbé nǹkan àyẹ̀wò lé e láyà. Ó ní láti fásitì kan ní Ìbàdàn ni òun ti wá, pé àwọn ń ṣèwádìí. Ó bi mí bóyá ọkọ mi ní ìyàwó mìíràn, bóyá àrùn náà mú ìyẹn. Mo ní kò mú un. Ó ní, "Ìyá, ẹ má bínú sí mi. Ṣé baba máa ń dé ọ̀dọ̀ wọn dáadáa?"

Inú bí mi. Ó ṣe mí bíi pé ó fẹ́ sọ ọkọ mi di aláìṣòótọ́ nínú sàréè. Mo nà ró lórí àga, mo ní, "Ọmọ mi, ọkọ tèmi kì í ṣe irú àwọn ọkọ yín ìwòyí. Ọjọ́ méjì méjì, odidi ogún ọdún, kò yẹ̀ ẹ́ rí. Kọ ọ́ sílẹ̀." Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹnu ara mi ni mo fi sọ ọ́, Bísí. Fi ìyẹn sọ́kàn bí o ti ń kà á lọ.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, ó bá wa délé. Àwa méjèèjì ló bá níwájú ilé níbi tí a máa ń jókòó sí, ibẹ̀ náà ló sì ti mú àlàyé rẹ̀. Ó ní àwọn sójà wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń bá àìsàn jà. Ó ní kí a wo sójà kọ̀ọ̀kan bí ilé tiwa yìí. Àwọn kan jókòó síta lẹ́nu ọ̀nà, iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n máa gba ìkíni. Bí àlejò bá dé, kì í já wọ yàrá. Ẹni tó wà níwájú ilé á gbọ́ ohun tó bá wá, á sọ fún ẹni tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹni ọ̀dẹ̀dẹ̀ á sọ fún ẹni inú, títí ọ̀rọ̀ á fi dé etí baálé. Ìgbà yẹn ni baálé máa tó sọ bóyá ká dìde, bóyá ká pe àwọn yòókù, bóyá ká sinmi. Ó ní bí ara ṣe ń gbọ́ ohun tó ń lọ níta nìyẹn, àti pé bí iṣẹ́ yẹn bá dàrú lójú ọ̀nà, gbogbo ara ló máa dàrú.

Ó ní kòkòrò HIV mọ àṣà ilé náà ju onílé lọ. Á kọ́kọ́ di ọwọ́ ẹnì kan mú lẹ́nu ọ̀nà. Ìyẹn kò tó. Ó gbọ́dọ̀ di ọwọ́ ẹnì kejì mú, ẹni tó jókòó ti èkíní. Ìgbà tó bá di àwọn méjèèjì mú ni ilẹ̀kùn tó ṣí. Bó sì ti ń wọlé, kì í dákẹ́: á gba ẹnu ẹnì kejì yẹn rán iṣẹ́ èké wọnú ilé, kí wọ́n lè gbé àga àti àpótí tó dí ọ̀nà kúrò fún un. Àwọn ará ilé fúnra wọn ló ń gbálẹ̀ de olè.

Mo ní, "Bí ẹnì kejì yẹn ò bá sí níbẹ̀ ńkọ́?"

Dókítà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wa wà." Ó ní àwọn kan wà láyé tí wọn kò bí ẹnì kejì yẹn mọ́ wọn, pé irú kòkòrò tó wọ́pọ̀ jù yóò kan ilẹ̀kùn wọn títí, kò ní í ráàyè wọlé. Àárín àwọn òyìnbó ni wọ́n ti ń rí irú wọn, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí láàárín tiwa. Ṣùgbọ́n bí ti Kúbúrátù bá lọ jẹ́ bẹ́ẹ̀, tàbí bí nǹkan mìíràn bá ń ti ilẹ̀kùn tirẹ̀, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti ara rẹ̀ kọ́ bí wọn yóò ṣe ti ilẹ̀kùn fún ẹlòmíràn.

Gbogbo ojú yí sí Kúbúrátù. Ó rọra tún gèlè rẹ̀ ṣe.

Simeon, ọkùnrin tó ń bá dókítà fa ẹ̀jẹ̀, fa tirẹ̀ sínú ìgò kéékèèké mẹ́fà, ó tò wọ́n sínú kúlà oníyìnyín bí ẹni to ẹyin. Wọ́n wá yíjú sí mi. Wọ́n ní kí èmi náà fún àwọn ní díẹ̀ kí àwọn lè fi wé ti Kúbúrátù. Mo ní rárá. Láti ogójì ọdún ni wọ́n ti ń fi mí wé e. Kí wọ́n lọ wá ẹlòmíràn.

Láti ọjọ́ yẹn, ẹsẹ̀ Kúbúrátù kò kan ilẹ̀ mọ́. Àga onírọ̀gbọ̀kú mi níwájú ilé, tí Mardiyah ọmọ mi rà fún mi, ó jókòó sínú rẹ̀. Mọ́ṣádé, aránṣọ tó wà lódìkejì títì, bi í pé, "Ìyá Abdulrauf, kí ni mọ́tò fásitì ń wá ṣe lọ́dọ̀ yín?" Ó ní, "Wọ́n rí nǹkan nínú ẹ̀jẹ̀ mi tí kò sí lára ẹlòmíràn. Ó le. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀jẹ̀ ló le." Ó wá fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò mí. Kò dárúkọ àrùn náà, mo yìn ín fún ìyẹn. Ká ní ó dárúkọ rẹ̀ ni, ìkòkò irin tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ mi ì bá ti bá a lórí.

Ní ti aago mẹ́jọ, o mọ̀ pé òun ló máa ń rán mi létí, láti ọdún tí mo ti bẹ̀rẹ̀ oògùn. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi ń pè mí tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ di ẹ̀jẹ̀ Ìbàdàn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè é láti iwájú ilé: "Ìyáálé, aago mẹ́jọ ti lù o. Ẹ̀yin tí ẹ ní nǹkan láti gbé mì, ẹ gbé e mì." Mo máa ń dúró títí di aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún kó má baà rò pé òun ló rán mi.

Nígbà tí oṣù Kẹjọ ń parí lọ, dókítà padà wá. Ó ní àwọn ti wò ó, pé ẹnì kejì yẹn jókòó gbọin lẹ́nu ọ̀nà Kúbúrátù bó ti jókòó sí ti gbogbo wa. Ọkàn mi balẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú kan. Ó wá ní ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tóbi sí i: ohun mìíràn, tí àwọn ò tíì mọ̀, ló ń ti ilẹ̀kùn. Àwọn dókítà àgbà ní Ìbàdàn fẹ́ rí i. Wọn yóò gbé e lọ, yóò lo ọ̀sẹ̀ kan, wọn yóò ṣètọ́jú rẹ̀ bí àlejò pàtàkì. Abdulrauf lọ ra báàgì onítáyà fún ìyá rẹ̀. Ó kù kí àwa méjèèjì dáhùn àwọn ìbéèrè kan lọ́jọ́ Àlàmísì, kí èmi jẹ́rìí sí iye ọdún àti bí a ṣe pín ọkọ, nítorí kò sí ẹlòmíràn láyé tó mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà ni yóò bọ́ sínú mọ́tò.

Mo lọ sí ilé ìwẹ̀, Bísí, mo sunkún. Mo ń bu omi dà sára kí wọ́n má baà gbọ́. Èmi ni àrùn mú, èmi ni mo fi ogún ọdún gbé oògùn mì, kò sí ẹni tó gbé mọ́tò wá kí mi kú iṣẹ́. Ẹni tí kò ṣe nǹkan kan ni wọ́n fẹ́ gbé gun àga.

Ní ọ̀sán Àtàláátà, Kúbúrátù kan ilẹ̀kùn yàrá mi. Kò wọ ibẹ̀ láti ìgbà òkú Alhaji. Ó gbé àwo dání.

"Ìyáálé, ẹ kúùrọ̀lẹ́."

"Ọ̀sán ni. Kí lo fẹ́?"

"Ìkọ́kọrẹ́ ni mo gbé wá."

"Mo ti jẹun."

"Ẹ ò tíì jẹun. Ẹ̀fọ́ yín ṣì wà lórí iná, ó ti ń jó."

Mo jẹ́ kó jókòó. Ilẹ̀ ló jókòó sí, kò sí lórí àga. Ó ní, "Bí dókítà bá bi yín ní Àlàmísì, ẹ ṣáà sọ ohun tí ẹ ti sọ tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ méjì méjì."

"Ṣé kì í ṣe ọjọ́ méjì méjì ni?"

"Òun ni." Ó ń fi èékánná ha ẹ̀gbẹ́ àwo. "Ó máa ń wá, Ìyáálé. Kò pa ọjọ́ kan jẹ. Á wọlé, á ti ilẹ̀kùn, á tẹ́ ẹní ìkírun rẹ̀ sídìí ògiri, á kọjú sí ògiri, á sùn. Bí ilẹ̀ bá mọ́, á ká ẹní, á ṣílẹ̀kùn, á kí gbogbo yín."

Mo ní, "Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí wọ́n ti là mí gbé Abdulrauf jáde."

Ọdún 1996 nìyẹn. Ọdún méje títí tó fi kú. Abdulrauf kò tíì pé ọdún méjì nígbà tí mọ́tò dojú dé lọ́nà Ṣàgámù.

Ó ní, "Màá wẹ̀, màá kun lọ́fíńdà, kò ní í yíjú. Àpá ikùn mi ló lé e. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló rí i."

"Kí ló dé tí o kò sọ fún dókítà?"

"Kí n sọ kí ni? Kí ọmọdé kọ ọ́ sínú ìwé pé ọkọ mi kò fọwọ́ kàn mí? Kí ẹ̀yin wá gbọ́ ọ?" Ó gbójú sókè. "Mo máa ń gbọ́ yín láti yàrá mi. Ẹ̀yin àti òun máa ń rẹ́rìn-ín. Mi ò jẹ́ dárí ẹ̀rín yẹn jì yín láyé."

Bẹ́ẹ̀ ló jẹ́, Bísí. Èmi ń gbọ́ kọ́kọ́rọ́, òun ń gbọ́ ẹ̀rín. Kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Sójà tirẹ̀ àti sójà tèmi kò yàtọ̀. Kòkòrò náà kò dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ rí débi tí wọ́n á fi máa wá ẹni tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Gbogbo ìgò yẹn, gbogbo yìnyín yẹn, ẹní ìkírun ni wọ́n ń wá kiri nínú ẹ̀jẹ̀.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ṣe fún ọ bó ti rí. Nígbà tó jáde, inú mi dùn. Inú mi dùn débi pé mo jókòó ti ìkọ́kọrẹ́ náà, mo jẹ ẹ́ tán, mo fi ìka nu ìdí àwo. Èmi ló fẹ́ràn. Èmi ló ń bá rẹ́rìn-ín. Láti 1983, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí tèmi dára ju tirẹ̀ lọ.

Ibi tí mo ti ń fọ àwo náà ni nǹkan kan ti padà sọ́kàn mi. Lọ́jọ́ tí wọ́n la Kúbúrátù, èmi ni mo gbé omi gbígbóná lọ sílé ìwòsàn. Mo bá Alhaji lórí bẹ́ńṣì níta, ó gbé orí lé ọwọ́. Dókítà ibẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bá a sọ̀rọ̀ tán ni. Ó ní, "Mùínátù, wọ́n ní oyún mìíràn yóò pa á. Mi ò ní í jẹ́ kí Kúbúrátù kú nítorí tèmi." Ó ní kí n má sọ fún un, ẹ̀rù yóò bà á. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́, mo sì ka ọ̀rọ̀ náà sí ọ̀rọ̀ ẹni tí ìdààmú bá. Nígbà tó tún ń wọ yàrá Kúbúrátù lọ́jọ́ méjì méjì, mo ní ó ti gbàgbé. Mo gbé e sin. Bí o bá fẹ́ mọ ìdí tí mo fi gbé e sin, ìdí rẹ̀ ni pé kò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nípa tèmi rí.

Kì í ṣe àpá ló lé e. Ẹ̀rù ló ń bà á pé òun á pa á, ìdí ògiri ló sì mú ìbẹ̀rù náà sùn sí fún ọdún méje. Ọ̀dọ̀ mi ló ti ń rẹ́rìn-ín, kò sì mọ ohun tó gbé dání wá. Àwo tí mo fọ bọ́ lọ́wọ́ mi. Ṣé o rí i bó ti tún rí? Mo ṣẹ́gun rẹ̀ fún bí ìdajì wákàtí, ó tún gbà á padà lọ́wọ́ mi, òun alára kò sì mọ̀ pé òun ti gbà á.

Nígbà tí Àlàmísì pé, dókítà ṣí ìwé rẹ̀. Èmi ló kọ́kọ́ bi. "Ìyá, ẹ sọ fún mi pé ọjọ́ méjì méjì ni baba fi ń pín in. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ló rí títí dé ọdún tí wọ́n kú?" Kúbúrátù ń ká etí ìborùn rẹ̀, ó ń tú u. Abdulrauf dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì onítáyà. "Rárá" kan ṣoṣo, Bísí, mo ti gbẹ̀san gbogbo ohun tó fi eyín funfun yẹn ṣe sí mi. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n mi, ó dùn bí oyin.

Mo ní, "Dókítà, ọkọ tó ń kọjá níwájú yàrá mi ni mo mọ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, onílẹ̀kùn ló ni í. Mo sọ̀rọ̀ jù lọ́jọ́sí. Fa igi lé e." Mo dìde. Mo ní kí Abdulrauf gbé báàgì rẹ̀ kó jẹ́ ká bọ́ síta. Bí mo ti ń kọjá, mo sọ fún Kúbúrátù pé, "Sọ ọ́ fún un. Ẹnikẹ́ni ò ní í gbọ́. Èmi ni mo máa jókòó sẹ́nu ọ̀nà." Láti ìgbà tó ti wọ ilé yìí, mi ò dìde kúrò níbi kan fún un rí.

Mo jókòó sórí àga mi. Mọ́ṣádé sọdá wá, ó ní, "Ìyá Mardiyah, ṣé wọ́n ti ń lọ sí Ìbàdàn?"

"Kò lọ mọ́."

"Kí ló dé?"

"Èmi ni mo ní kó má lọ. Odidi ọ̀sẹ̀ kan, ta ni yóò máa pe aago mẹ́jọ fún mi?"

Mọ́ṣádé wò mí bíi pé ibà ń ṣe mí, ó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni gbogbo àdúgbò rò pé mò ń lo oògùn sí.

Nígbà tí dókítà jáde, kò sọ ohun tó gbọ́. Ó ní ẹ̀jẹ̀ Kúbúrátù kò ní í ṣòfò, àwọn yóò fi í sáàárín ẹ̀jẹ̀ àwọn tí wọn ò lárùn náà, tí àwọn fi ń ṣe ìfiwéra. Ó wá jókòó tì mí. Ó ní nítorí ogún ọdún tí kòkòrò ti wà nínú ilé mi tí oògùn kò jẹ́ kó bímọ, sójà tèmi ni òun ń fẹ́ báyìí. Ó ní kòkòrò lè dákẹ́, kí àwọn tó ń rán iṣẹ́ nínú ara má dákẹ́, kí wọ́n ṣì máa pariwo olè láràárọ̀ lálaalẹ́ nígbà tí olè ti jókòó jẹ́ẹ́, pé ariwo yẹn a sì máa gbó ara. Mo ní kó má wulẹ̀ ṣàlàyé ìyẹn fún mi, mo mọ̀ ọ́n. Ní ti ẹ̀jẹ̀ mi, mo ní kó máa bẹ̀ mí fún ọ̀sẹ̀ méjì sí i ná.

Láàárọ̀ Jímọ̀, Kúbúrátù gbé omi wá sẹ́nu ọ̀nà mi nínú kọ́ọ̀bù. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi ní, "Ìyáálé, aago mẹ́jọ ti lù." Mo gbé oògùn mì lójú rẹ̀. Kò dúpẹ́ ohun tí mo ṣe, èmi náà ò dúpẹ́ omi.

Bá mi kí Bàbá Haneef. Sọ fún wọn pé kí wọ́n dín iyọ̀ kù. Kí ìyàwó Haneef, kí o sì bá mi gbé ìkókó jó. Mardiyah ní kí n kí ọ.

Ó ku nǹkan kan. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti la ẹnu láti sọ fún Kúbúrátù ohun tí Alhaji sọ lórí bẹ́ńṣì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti pa á dé. Ó ti fi ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n wo àpá ikùn ara rẹ̀ pé òun ló lé ọkọ, ó sì lè tó ọjọ́ ikú kó má mọ̀. Bí mo bá sọ ọ́ tán, òun ni ọkọ sunkún lé lórí, kò sì ní í ku nǹkan kan tí màá fi jù ú lọ. Ẹnu mi ò lè gbé e, Bísí. Mo ti gbìyànjú.

Nítorí náà, má jó ìwé yìí. Nígbà tí o bá ń bọ̀ fún àdúrà Alhaji ní oṣù Kẹwàá, mú un dání. Kúbúrátù ò mọ̀wé. Jókòó tì í, kà á fún un. Fo ibi eyín rẹ̀. Fo ibi tí mo ti sunkún nílé ìwẹ̀. Ṣùgbọ́n tí o bá dé ibi tí Alhaji ti sọ̀rọ̀, kà á lẹ́ẹ̀mejì. Èmi yóò wà lẹ́yìnkùlé, màá máa fọ ìkòkò, mi ò ní í gbọ́ nǹkan kan. Bó bá béèrè ẹni tó kọ ọ́, sọ fún un pé ìyáálé rẹ̀ ni, ìwé kẹta ló kà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ tó pọ̀n ọ́, tìrẹ ni mo ṣì jẹ́,

Mùínátù.